Tọ́ọ̀ṣì Pupa fún Oyin Inú Àjà

Abà Ìdí-Ahùn,
Lọ́nà Èjìgbò.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta tí mo délé.

Adéṣọpẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn San-Pédro, mo sì kí ọ kú àbọ̀ bí o bá ti dé. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn kò dùn ọ́ nínú bọ́ọ̀sì? Ọlọ́run tó ní kí òkun má kọjá ààlà rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ohun tó ju agbára rẹ lọ kàn ọ́. Ibi tí o bá fẹ̀yìn tì kò ní yẹ̀. Àmín. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní ewúrẹ́ tí o rà nígbà tí o wá sílé ti bí méjì, akọ kan, abo kan, akọ náà sì lágídí bí ìwọ gẹ́lẹ́. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò. Ìkírámù ọmọ agboolé Alágbẹ̀dẹ, tó ń kó ọjà lọ sí Abidjan, ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ, ó sì ní òun ò ní dúró de ẹnikẹ́ni ní ọ̀la, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Bí o bá rí i tí lẹ́tà náà gba ìwé eléwé ogójì odindi, má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà kí èmi fúnra mi lè rí ohun tí mo ń kọ ni.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. O ti San-Pédro dé, o bá ihò ńlá nínú àjà, o kò bá bàbá rẹ. Láti ọjọ́ tí mo délé ni èmi náà kò ti lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo jókòó, mo dìde, mo lọ dé ìdí àwọn àpótí oyin mi, mo padà láìjẹ́ pé mo ṣí ọ̀kankan. O lè ní kí ló dé tí n kò tẹ̀ ọ́ láago. Obìnrin kan wà nínú fóònù yẹn, bí mo bá ti pè ọ́ òun ló máa ń kọ́kọ́ bá mi sọ Faransé, n kò sì fẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa. Ó ṣeé ṣe kí Marie-Claire ìyàwó rẹ ti sọ díẹ̀ fún ọ. Gbọ́ ìyókù lẹ́nu mi.

O rántí ọjọ́ tí o mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Riviera, tí wọ́n ní kí n fi ìka júwe ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà kan kọjú sí, tí mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e dìde ná, ẹ̀dá tó ṣubú sókè ṣubú sódò báyẹn, ara rẹ̀ kò yá. Dókítà ní awọ funfun ti bo ẹyinjú mi méjèèjì, pé àwọn yóò gé e kúrò lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì sí i, bẹ̀rẹ̀ láti ti ọ̀tún. O dá mi padà sí ilé rẹ ní Koumassi Remblais, ilé-iṣẹ́ rẹ rán ọ lọ sí San-Pédro lọ́jọ́ kejì, ó wá ku èmi àti ìyàwó rẹ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ.

Ní abà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọwọ́ mi mọ ohun tó ń ṣe. Lọ́dọ̀ rẹ, ilẹ̀ mọ́, mo wẹ̀, mo jẹun, mo jókòó sórí àga rírọ̀ yẹn tó ń gbé ènìyàn mì bí ẹrẹ̀, mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo wo àwọn takisí wòrò-wòrò tó ń kó èrò kọjá, mo padà wá jókòó, aago kò tíì lu mẹ́jọ. Marie-Claire fi nǹkan dúdú bo etí, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó ní bọnjúù. Mo dáhùn. Ó tún ní bọnjúù, mo tún dáhùn, mo sì ń gbàdúrà fún un nínú mi pé ọmọ yìí mọ ènìyàn í kí. Nígbà tó di bí ìgbà ogún, mo ní ẹ ṣeun, ó ti tó, kò sí ohun tí mo ṣe fún un tó tó báyìí. Ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Àṣé àwọn tó ń tẹ ilé-iṣẹ́ wọn láago ló ń kí! Wọ́n ń sanwó fún un pé kó máa kí ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí ìyá rẹ ti kọ́lé mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín náà, ọ̀rọ̀ tún tán. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, Yorùbá tó ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó ń sọ lọ. Faransé tèmi kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. A óò wo ara wa, a óò rẹ́rìn-ín músẹ́, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí o lọ ni mo wọ yàrá tí ẹ ti tọ́jú sílẹ̀ fún ọmọ, mo fẹ́ wo ibùsùn onígi tí ẹ ṣe bí àgò adìẹ. Mo gbọ́ ohùn kan lókè. Marie-Claire ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nílé kejì ni. Mo gbé etí lé ògiri. Ojú mi lè máa ṣe bàìbàì, etí mi ṣì jẹ́ etí ọlọ́yin. Oyin ni, kì í sì í ṣe èyí tó ń kọjá lọ, ó ti tẹ̀dó, ó ti kọ́ afárá, ó tó oṣù kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dunnú bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ lẹ́yìn odi.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Huguette, obìnrin tí ẹ jọ ń gbé inú ọgbà, tó ń dáná fún àwọn kan ní Biétry, ń sá aṣọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí oyin kan fi ta á ní ìpéǹpéjú. Ojú náà wú bí ẹ̀kọ tí omi wọ̀. Ó pariwo títí, ó ní òun ti bá ọkùnrin kan sọ ọ́, yóò wá láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò da bẹntiróòlù sínú àjà, yóò sì tanná sí i díẹ̀. Adéṣọpẹ́, ta ló ń tanná sí bẹntiróòlù díẹ̀? Nínú àjà pákó, lókè ibùsùn ọmọ? Mo ní kí Marie-Claire bẹ̀ ẹ́ kó fún mi láyè di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Huguette wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sọ nǹkan kan tí Marie-Claire kò túmọ̀ fún mi, n kò sì bi í.

Oyin inú ilé, a kì í tú u lọ́sàn-án, nítorí àwọn tó bá ti oko dé tí wọ́n bá ilé wọn ní títú yóò fi ìyà jẹ gbogbo àdúgbò. Ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí gbogbo wọn bá ti wọlé. Bẹ́ẹ̀ inú àjà ṣókùnkùn. Lọ́jọ́rú, Marie-Claire tan iná ẹ̀yìn fóònù rẹ̀ fún mi, mo gun àkàbà, mo yọ pákó kan. Àfi bí ẹni pé mo fi fóònù náà pè wọ́n. Wọ́n rọ́ lu iná, mo ju fóònù sílẹ̀, ó já sínú ibùsùn ọmọ, wọ́n tẹ̀ lé e síbẹ̀. Ojú méje ni wọ́n ti ta mí. Mo sáré jáde, mo ti ilẹ̀kùn. Fóònù náà wà nínú yàrá pẹ̀lú wọn, ó ń tàn, ó ń dún, ọ̀gá Marie-Claire ń pè é, oyin ń dá a lóhùn.

N kò sùn dáadáa. Mo rántí ohun tí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba kan sọ fún wa rí ní Èjìgbò, pé oyin kò mọ àwọ̀ pupa, pé pupa àti òkùnkùn ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. A fi ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Bí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ti mọ́, mo gba ọjà Koumassi lọ láti wá tọ́ọ̀ṣì pupa kékeré tó lè wọ àpò.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá, ẹ̀yà Dìúlà ni. Mo na ọwọ́ sí tọ́ọ̀ṣì kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní wárí. Mo ní kí ló wí? Ó ní wárí, wárí. Mo fi sùúrù sọ fún un pé ọba nìkan là ń wárí fún nílẹ̀ wa, pé n kò lè tìtorí tọ́ọ̀ṣì dojúbolẹ̀ fún ẹni tí mo bí lọ́mọ. Ó na ọwọ́ sí mi, ó tún ní wárí. Ohùn èmi náà lọ sókè. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti ṣọ́ọ̀bù òdìkejì sáré wá, tó dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárín ọjà, tó sì ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀, ó ní Bàbá, owó ló ń béèrè, wárí ni Dìúlà ń pe owó. Yessoufou lorúkọ rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Èjìgbò wá, òun fúnra rẹ̀ kò dé Èjìgbò rí, Faransé sì gun Yorùbá rẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun náà ń ta tọ́ọ̀ṣì.

Mo ní iná tí oyin kò ní rí ni mo ń wá. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó to oríṣiríṣi kalẹ̀. Ó ní aláwọ̀ ewé yìí, àwọn ọdẹ ló ń rà á. Búlúù yìí, ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ọdẹ bá yìn tó sá wọ igbó ni wọ́n fi ń wá. Elésè àlùkò yìí, òun ni wọ́n fi ń mọ ayédèrú owó, òun náà ló sì ń mú àkekèé tàn bí iná nínú òkùnkùn. Mo ní ta ló wá ń fẹ́ kí àkekèé tàn? Ó wá mú pupa, ó ní àwọn ọlọ́dẹ ṣọ́ọ̀bù ló ń rà á, nítorí bí wọ́n bá pa á, ojú wọn kì í ṣókùnkùn bíi ti iná funfun. Ìwé kan wà lára páálí rẹ̀, ó fẹ́ kà á fún mi. Mo ní kò kan ìwé, oyin ni kí a bi léèrè.

Obìnrin kan ń ta omi ọ̀pẹ òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, oyin sì ń yí i ká. Mo fi ife gíláàsì dé ọ̀kan mọ́ páálí, a gbé e wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tó ṣókùnkùn. Yessoufou tan búlúù, oyin náà fò lu ara ife níbi tí iná wà, ó ń forí gbá a. Ó tan aláwọ̀ ewé, bákan náà. Ó tan elésè àlùkò, oyin fẹ́ ya wèrè, ẹ̀wù funfun Yessoufou àti eyín rẹ̀ sì tàn yòò bí ti òkú ọ̀run, mo bẹ̀ ẹ́ kó tètè pa á. Ó wá tan pupa. Ó ní Bàbá, ẹ wò ó, ó ti dákẹ́, ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni kankan níbí. Mo ní mo rí i.

Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi. Ìmọ́lẹ̀ pupa nìkan ni mo rí, ó dà bí epo tí wọ́n dà sójú omi. Oyin kò rí iná, èmi náà kò rí oyin. N kò sọ fún un.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa tọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Ọ̀kan wà tó ní gbogbo àwọ̀ nínú, Yessoufou yìn ín gan-an, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́, funfun ló ń kọ́kọ́ tàn kó tó yí sí pupa. Mo ní èyí yóò pa mí, kí n tó dé orí pupa oyin á ti dé orí mi. Òmíràn, gíláàsì rẹ̀ nìkan ni wọ́n kùn, mo tàn án lábẹ́ ẹ̀wù, Yessoufou ní funfun ń yọ létí rẹ̀. Ẹ̀kẹta tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, kò lè tan ju ibi tí ìka kan tó lọ. Ẹ̀kẹrin ni mo mú: pupa láti inú wá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó fúyẹ́ tó fi ṣeé fi eyín dì mú, ó sì ní ìkọ́ tó lè há mọ́ àpò. Mo bi í pé irú òkúta wo ló ń jẹ. Ó ní okùn tí fóònù fi ń jẹun ni òun náà fi ń jẹun. Mo ní ṣé wọn kò ní máa jà? Ó ní kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kọ́kọ́ jẹ. Ìdáhùn náà tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́ Ẹtì, bí oòrùn ti ń wọ̀, Marie-Claire gé aṣọ fèrèsé funfun kan, ó rán an mọ́ fìlà mi. Mo ní kó jáde kó sì ti ilẹ̀kùn. Mo fi èèpo àgbọn ṣe èéfín nínú agolo, mo gòkè, mo tan pupa. Òótọ́ ni òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn sọ! Kò sí oyin kan tó dìde sí mi. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo kan afárá, ó gbóná bí ikùn ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí ìyá wọn, bí a kó gbogbo ìyókù sínú àpótí, inú àjà náà ni wọn yóò padà sí, ìyá oyin sì ni mo ní láti fi ojú wá láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Mo wò títí omi fi ń dà lójú mi. Dúdú ni, ó ń mì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúró lórí àkàbà, n kò lè gòkè, n kò lè sọ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń sọ fún ìyá rẹ pé ìrì ló ń wọ̀ mí lójú.

Marie-Claire ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bi mí pé Bàbá, kí ló dé? Mo ní kò sí. Ó ní, "Bàbá, ẹ kò rí i." Kò sọ ọ́ bí ìbéèrè. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ti fi ìyókù aṣọ fèrèsé bora dé orúnkún bí ìyàwó tí wọ́n ń mú lọ ilé ọkọ. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó padà, ẹ̀mí méjì ló gbé dání. Ó fi Faransé dá mi lóhùn, ó gùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá Yorùbá rẹ̀ jọ, ó ní, "Ọwọ́ yín, ojú mi. Ẹ gbé e wá." Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó sì jókòó.

Adéṣọpẹ́, n kò bẹ̀rù báyẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń rọbí rẹ. Mo ń fi ọwọ́ gé afárá, mo ń gbé e sọ̀ fún un, ó ń yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná pupa, ó ń tò ó sínú àpótí tí mo kàn, oyin ń rìn lórí ìka rẹ̀, kò gbọ̀n. Lójú fèrèsé, Huguette dúró ti òun ti korobá omi, ó ń pe Jésù jẹ́jẹ́. Afárá kìíní, kò sí níbẹ̀. Ìkejì, ìkẹta, kò sí. Mo ti ń rò ó pé ó ti bọ́ lọ. Lórí ìkarùn-ún ni Marie-Claire sọ ohùn kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo rí i. Ó gùn. Gbogbo wọn kọjú sí i." Mo ní kó rọra fi í sínú àpótí bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Ó fi í síbẹ̀. Kò pẹ́, ìyókù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tẹ̀ lé e, a sì gbọ́ ohùn wọn tó yí padà, tó rọlẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó ta á. Wọ́n ta èmi lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni, mo jókòó lé e.

Nígbà tí onítanná dé láàárọ̀ Àbámẹ́ta, Huguette fi búrẹ́dì olóyin dá a padà lẹ́nu géètì. Yessoufou gbé àpótí náà lọ sí oko àna rẹ̀ ní Bingerville. Tọ́ọ̀ṣì náà, mo fi sílẹ̀ fún Marie-Claire, ó ní òun yóò máa fi í wọ yàrá ọmọ kó má baà jí. Ihò àjà yẹn, kí káfíńtà fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ kó tó dí i, nítorí bí òórùn oyin bá kù, òmíràn yóò wá.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo parí ìtàn sí, ì bá dára. Lọ́jọ́ Ajé, Marie-Claire gba ààyè níbi iṣẹ́, ó mú mi lọ sí Riviera. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kan sílẹ̀. Ó ń bi mí, ó ń kọ ọ́: orúkọ, ọjọ́ orí, àìsàn tó ti ṣe mí rí. Ó dé ìlà kan, ó dúró, ó ń wá Yorùbá tó yẹ, ó ní, "Ẹni tí wọ́n máa ké sí, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀." Mo rò ó pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti mọ̀ pé nǹkan máa ṣẹlẹ̀, wọ́n ti pinnu rẹ̀, ẹni tí yóò gbé òkú nìkan ló kù tí wọ́n ń wá. Mo ní mo fẹ́ tọ̀. Mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, mo wọ bọ́ọ̀sì gbàká kan, mo wọ òmíràn, mo kó ẹrù mi, mo bọ́ sínú ọkọ̀ Èjìgbò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹnu ibodè ni Marie-Claire ti rí mi bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò bú mi. Ó sunkún díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, orúkọ mi ni mo kọ síbẹ̀." Mo ní ibo? Ó ní lórí ìlà yẹn. Kí n tó dìde pé mo fẹ́ tọ̀, ó ti kọ ọ́. Ọkọ̀ sì ti ń fun fèrè, ojú tì mí láti padà, mo wọ inú rẹ̀.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó kàn lọ fọ ẹ̀wù mi, ó ká a sínú báàgì. Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, fi owó ọkọ̀ èmi àti òun rán Ìkírámù sí wa, nítorí ìyá rẹ náà ní òun ò ní jókòó sí abà kí ọmọ dé. Bí ó bá ṣẹ́kù, fi owó páànù ilé ìdáná sí i. Bá mi bẹ dókítà pé kí ó fún mi lọ́jọ́ mìíràn, sọ fún un pé arúgbó kan ló lọ tọ̀ tó ṣìnà. Sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ pa orúkọ tó wà lórí ìlà yẹn rẹ́.

Ọlọ́run yóò sọ Marie-Claire kalẹ̀ ní ìrọ̀rùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ oyin kalẹ̀ láìfi ọ̀kan ṣòfò. Ọwọ́ rẹ kò ní dí lórí òfo, ilé rẹ kò ní gbóná. Bí wọ́n bá sì máa ké sí ìyàwó rẹ nítorí mi ní Riviera, kó jẹ́ láti wá fi ọmọ rẹ̀ hàn mí ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adétóyèṣe.